Bí aráàlú ṣe lè fi àṣìṣe inú áàpù sùn láìsí wàhálà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè gbà sọ ohun tó bàjẹ́ nínú áàpù wa, láìṣe pé ó kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì sórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń ṣe áàpù ń kó iṣẹ́ wọn sí, tí wọ́n sì ti ń gba ìròyìn àṣìṣe?

Èsì kìíní: Ẹ fi bọ́tìnì kan sínú áàpù náà, kí ó máa fi irú fóònù àti nọ́ńbà ẹ̀dà áàpù ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí ìwọ̀nyí gan-an ni aráàlú kì í mọ̀. Ẹ wá béèrè ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n retí àti ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tó.

Èsì kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n rí gbogbo ohun tó fẹ́ lọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, torí pé bí wọ́n bá fi àwòrán ojú fóònù kún un, ó lè gbé ọ̀rọ̀ àṣírí.