"Ọ̀tẹ̀" kọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1848

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní kí á fi "ọ̀tẹ̀" túmọ̀ révolution, ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 1848, torí pé ó kúrú, tọmọdé tàgbà sì mọ̀ ọ́n. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń dìtẹ̀. Ní ti "ṣọ̀tẹ̀", ẹnu aláṣẹ ló ti ń jáde: ẹni tí a bá ti ní ó ṣọ̀tẹ̀, a ti dá a lẹ́bi. Ìta gbangba sì ni ọ̀rọ̀ Paris ti ṣẹlẹ̀. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 ènìyàn ilẹ̀ Faransé, bí 240,000 ọkùnrin péré ló lè dìbò, àwọn tó ń san owó orí tó fáránkì 200 lọ́dún. Ìjọba ò gba ìpàdé òṣèlú láyè, ni àwọn tó ń bèèrè ìbò bá ń fi àsè ṣe ìpàdé. Wọ́n fòfin de àsè ọjọ́ 22 oṣù Èrèlé, èrò bá tú síta. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, sọ́jà yìnbọn, bí àádọ́ta ènìyàn kú. Wọ́n kó òkú sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n ń gbé e káàkiri ìlú. Nígbà tó di ọjọ́ 24, Ọba Louis-Philippe fi oyè sílẹ̀.

Ẹnìkan dábàá "ìdojú-ìjọba-bolẹ̀". Ó bá Paris mu, àmọ́ kò bá Vienna ní ilẹ̀ Austria àti Berlin ní ilẹ̀ Jámánì mu. Ní Vienna, Metternich, mínísítà àgbà, ló lọ ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà, ọba ńlá wọn ṣì wà lórí ìtẹ́. Ní Berlin, wọ́n jà ní ìgboro lọ́jọ́ 18, síbẹ̀ Ọba Friedrich Wilhelm kẹrin ò kúrò lóyè.

"Ìyípadà tegbò-tigaga" ńkọ́? Igi tí a bá hú tegbò-tigaga kì í tún rú. Èyí rú: Louis-Napoléon wọlé ìbò ààrẹ Faransé ní oṣù Ọ̀pẹ 1848, ó fipá gbàjọba ní ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀pẹ 1851, nígbà tó pé ọdún kan géérégé, ó sọ ara rẹ̀ di ọba ńlá. Ti 1851 yẹn, "ìfipágbàjọba" ti tó o.

Èmi fọwọ́ sí "ìdìde ará ìlú". Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé ọba ṣubú, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó gba ti oṣù Òkúdù ní Paris náà, nígbà tí ìjọba olómìnira tuntun tó rọ́pò ọba ti ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ fún àwọn aláìríṣẹ́ pa, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi òkúta ojú títì dí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin. "Rògbòdìyàn" á sọ ìyẹn di ìjà ọjà lásán.

Ẹ tún wo Martinique, erékùṣù tí Faransé ń ṣàkóso ní Caribbean. Ọjọ́ 27 oṣù Igbe ni Paris buwọ́ lu òfin ìdásílẹ̀ ẹrú, àmọ́ kí ìwé náà tó gúnlẹ̀, àwọn ẹrú ti dìde ní ọjọ́ 22 oṣù Èbìbí, gómìnà sì kéde òmìnira lọ́jọ́ kejì. Bí a bá kọ "wọ́n dá wọn sílẹ̀", Paris la gbé iṣẹ́ náà fún. Bí a bá sì kọ "ọ̀tẹ̀", orúkọ tí olóko ìrèké fún wọn la kọ yẹn.