Gbígba láísẹ́ǹsì irin àlòkù lọ́wọ́ káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù: kí lójú yín rí?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ra ọkọ̀ Transit, irin àlòkù ló fẹ́ máa fi kó kiri ní Peckham. Wọ́n ní àfi kó gba láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á, kí lójú yín rí?

Bàbá Ìbejì: Kó tètè gbà á. Oríṣi méjì ló wà: ti ẹni tó ní yáàdì tí wọ́n ti ń ra irin, àti ti ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó o láti ilé dé ilé. Ti ọkọ̀ ni tèmi. Ilẹ̀ káńsù tó fún ọ nìkan ló dé o. Peckham, Southwark ni. Bí o bá ti wọ New Cross, Lewisham lo wà yẹn, láísẹ́ǹsì mìíràn, owó mìíràn. Ọdún mẹ́ta ló ń lò. Wọ́n á béèrè ìwé DBS, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti jẹ̀bi ọ̀ràn rí. Kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ará ìta á ti rí i lára ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọlọ́pàá dá mi dúró, sítóófù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Láísẹ́ǹsì yẹn ló kọ́kọ́ tan iná sí, ó ní kí n máa lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Láísẹ́ǹsì lórí sítóófù tí wọ́n jù síta!

Kúnlé Leeds: Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ti fún mi níwèé láti máa kó pàǹtí. Ìyẹn tó mi.

Bàbá Ìbejì: Kò tó o, Kúnlé. Òfin 2013 ya irin sọ́tọ̀. Kóòtù ni bí wọ́n bá mú ọ.

Kúnlé Leeds: Ta ni wọ́n ti mú rí?

Bàbá Ìbejì: Má jẹ́ kó kàn ọ́.

Màmá Tọ́lá: Láísẹ́ǹsì kọ́ ló dààmú ọkọ mi, owó gbígbà ni. Yáàdì ò gbọdọ̀ kówó lé ọ lọ́wọ́, àfi báńkì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì. Wọ́n tún ní kó mú ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wá. Páṣípọ́ọ̀tù ò ní àdírẹ́ẹ̀sì, yàrá kan la sì háyà nígbà náà, orúkọ onílé ló wà lórí gbogbo bíìlì. Kọ́pà tó ti ń kó jọ látọjọ́ yìí, ó rù ú padà wálé. Mo sunkún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Pẹ̀lẹ́, màámi. Bíìlì onílé yìí náà ni ò jẹ́ kí n rí àkáǹtì ṣí ní báńkì.

Ṣẹ̀gilọlá: Èmi náà! Ọ̀dọ̀ dókítà tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ sí ni tèmi.

Àjàní: Láísẹ́ǹsì awakọ̀ ni kí wọ́n lò, àdírẹ́ẹ̀sì wà lára rẹ̀, òun nìkan tó.

Màmá Tọ́lá: Òun la padà lò.

Adé Òwòdè Onírin: Lọ́dọ̀ wa l'Ékòó, bí wọ́n bá ti wọn irin tán, owó á bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará Òyìnbó le jù.

Bàbá Àgbà Lewisham: Adé, olè ló fà á. Nígbà tí mo dé, òfin 1964 la bá nílẹ̀, o kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni. Wọ́n wá ń gé wáyà rélùwéè, wọ́n ń ká òjé kúrò lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 2011, wọ́n jí ère idẹ ńlá tí Barbara Hepworth ṣe ní Dulwich Park, nítòsí wa níbí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fòfin de káàṣì.

Adé Òwòdè Onírin: Wọ́n ń yọ irin ara afárá níbí náà, bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ṣẹ́ẹ̀kì?

Ṣẹ̀gilọlá: Ògún ló nirin. Kó kọ́kọ́ wá nǹkan fún Ògún.

Kúnlé Leeds: Ṣé káńsù ń gba ajá mọ́ fọ́ọ̀mù ni?

Màmá Tọ́lá: Ẹ fi Ògún sílẹ̀, ọmọ Jésù ni wá.

Ṣẹ̀gilọlá: Mi ò pè yín, mà. Onírin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì: Àbẹ̀kẹ́, nígbà tó bá fẹ́ tún un gbà, kó kọ́kọ́ gba kóòdù owó orí lọ́dọ̀ HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba. Láti 2022 ni. Káńsù ò ní dá a lóhùn láìsí i.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ní mọ́tò tó ti kú ńkọ́? Ó fẹ́ máa tú u, kó fi ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí Ládìpọ̀.

Àjàní: Ìyẹn gba yáàdì, ó tún gba àṣẹ Environment Agency. Kó má tú ohunkóhun lójú títì o.