Ọmọ mi ń sun ìjálá bí ẹni ń ka ìròyìn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Akúrẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Oǹdó ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ bàbá ìyá mi tó jẹ́ ọdẹ. Bí ọdún Ògún bá dé, tí ẹmu bá ti wọlé, bàbá á bẹ̀rẹ̀ ìjálá. Ti ọdẹ àti ẹfọ̀n ni mo fẹ́ràn jù: "Ọdẹ wọ'gbó, igbó mì tìtì, ẹfọ̀n gbọ́, ó na etí sókè." Ibi "tìtì" yẹn ni wọ́n máa ń fà, tí wọ́n á fi ìdí ṣakabùlà kanlẹ̀ gbì! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sun ún fúnra mi, ìdí ààrò ni. Ọbẹ̀ jóná níwájú mi, mi ò mọ̀. (Ìyá mi ò tíì jẹ́ kí n gbàgbé.)

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, fẹ́ sun ún níléèwé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló mọ̀, àmọ́ kò sí ìró nínú rẹ̀. Àbúrò bàbá àgbà tó lè kọ́ ọ sọ pé obìnrin kì í sun ìjálá. Èmi obìnrin tó ń sun ún ńkọ́? Ṣé kí n máa kọ́ ọ fúnra mi, àbí kí n mú un lọ bẹ̀ wọ́n? Báwo lẹ sì ṣe ń kọ́ ọmọdé níbi tó yẹ kó ti mí?