Ẹ gbà mí níyànjú o: ta ló ń kọ́ àwa tá à ń gbẹ̀bí lábúlé?

Ìyá Ìbejì Ìjerò:
Mo kí gbogbo Èkìtì kete o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ló ń bí mi. Tí oṣù bá ti ń parí báyìí, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ́jísítà la máa kó jáde, ti aboyún, ti ìbímọ, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti fẹ́mílì plánìn, a óò máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan títí ojú á fi máa ṣú wa, ká tó kó àpapọ̀ ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù oṣooṣù tó ń lọ sí lókà gọ́fúmẹ́ǹtì. Iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi ni mò ń lò, dátà tí mo fi ń ya fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí WhatsApp, owó ara mi ni. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹni tó ń gbà á lọ́hùn-ún ní kò bára mu. Níwájú àwọn ọmọ kéékèèké tó wá kọ́ṣẹ́ ló ti bú mi o. Tó bá wá di sẹ́mínà ní Adó tí oúnjẹ àti owó mọ́tò wà níbẹ̀, àwọn kan náà ló máa ń lọ. Tí wọ́n bá dé, wọn ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni. Báàgì tuntun la máa rí lọ́wọ́ wọn, ìwé tí wọ́n gbà bọ̀ á wà nínú dúrọ́ọ̀ títí eku á fi jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lèmi ti lè rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́, àti ibi tí ìwé àti dátà tó péye wà? Ó ti sú mi.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni yín ni, àbí midwife, àbí CHEW, òṣìṣẹ́ ìlera abúlé? Ẹ̀kọ́ lórí kí sì ni? Ọ̀nà wọn ò jọra. Nọ́ọ̀sì àti midwife, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì ṣe, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe MCPDP, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ dandan, kí wọ́n tó gbà á. CHEW ní bọ́ọ̀dù tiwọn.

Màmá Ọ̀tùn:
Háà, ẹ ti rántí mi ní tèmi. Èmi tí wọ́n gbé oxytocin fún nínú ọ̀rá lásán láàárín oòrùn, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, tó yẹ kó wà nínú fíríìjì ní ìwọ̀n 2 sí 8 díígírì! Ẹ gún un fún ìyá ọlọ́mọ, kò ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n á ní ẹ ò mọṣẹ́. Ìgbà tí mo gbọ́ nípa àpò onílà yẹn tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ìyá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀, inú mi dùn, torí ojú lásán ò lè wọn ẹ̀jẹ̀. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí wọ́n ti dán an wò, E-MOTIVE ni wọ́n pè é, èsì ẹ̀ jáde ní 2023, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le gan-an fi 60 nínú 100 dín kù níbi tí wọ́n ti lò ó mọ́ ìtọ́jú kíákíá. Títí di òní mi ò tíì fojú kan àpò ọ̀hún.

Bọ̀dá Rẹ́kọ́ọ̀dù:
Èmi náà wà lára àwọn tẹ́ ẹ̀ ń bú, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ẹ rò pé a kàn ń yọ yín lẹ́nu ni. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fún wa la máa tẹ̀ sínú DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń kó nọ́ńbà ìlera jọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa wò ó ní Adó àti Àbújá. Ẹ ó ka aboyún tó wá lẹ́ẹ̀kejì mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bímọ nílé àdúrà tó wá gba BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ tuntun, lọ́dọ̀ yín, ẹ ó kọ ọ́ mọ́ àwọn tẹ́ ẹ gbẹ̀bí fún. Kí la fẹ́ kí ìjọba fi ṣètò? Ìlà wo gan-an ni wọ́n ní kò bára mu, àǹtí?

Ìyá Ìbejì Ìjerò:
CHEW ni mí, mo ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ dáadáa. Bọ̀dá, mo mọ ìyàtọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àti ẹni tó padà wá, ẹ má kọ́ mi ní ìyẹn. Ẹ wá jókòó ní sẹ́ńtà wa lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ wá rí bí ọmọ ṣe ń ké lọ́tùn-ún lósì.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin CHEW, ìbímọ tó bá ti ní wàhálà, ẹ tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ máa ń dì í mú jù.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra. Midwife mélòó ló gbà láti gbé abúlé? Ètò pínpín iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2014 kúkú gbà kí CHEW gbẹ̀bí tí kò ní wàhálà. Àǹtí, ẹ wa Safe Delivery App sórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni, fídíò ló pọ̀ jù níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti wà á tán kò nílò dátà mọ́. Ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà wà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ ń wá, ìwádìí DHS ti 2018, tí wọ́n fi ń bèèrè ọ̀rọ̀ ìlera láti ilé dé ilé, dá Èkìtì kọ lọ́tọ̀, òun náà ló sọ pé ìyá 512 ló ń kú nínú ọmọ 100,000 tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà. Ẹ tètè wà á pamọ́ o, torí nígbà tí Amẹ́ríkà dáwó dúró ní 2025, iṣẹ́ DHS dúró lójijì, ojú gbogbo ẹni tó ń lò ó ló rí i.

Màmá Ọ̀tùn:
Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé áàpù kan wà. Kí ló ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i?

Bọ̀dá Rẹ́kọ́ọ̀dù:
Mo ṣì ń bi yín o. Ìlà wo?

Ìyá Ìbejì Ìjerò:
Ìlà òkú ọmọ ni.
Nígbà tí ìyá ẹ̀ wọlé, mo gbọ́ ọkàn ọmọ náà, ó ń lù dáadáa, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, kò ké. Ara ẹ̀ pé, awọ ẹ̀ ò bó rárá, bí ọmọ tó sùn ló rí. Mo kọ fresh, pé kò tíì pẹ́ tó kú. Ọ̀gá wa ní kí n yí i sí macerated, pé tó bá jẹ́ fresh wọ́n á wá bi wá léèrè. Mi ò yí i. Òun wá kọ macerated sínú fọ́ọ̀mù, rẹ́jísítà mi sì wà bó ṣe wà, ohun tí kò fi bára mu nìyẹn. Èmi ni wọ́n ń bú pé mi ò mọ̀wé. Báàgì tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ kọ́ sára ògiri yàrá ìbímọ wa, ọ̀rá ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó rí. Òun gan-an ni mo fẹ́ kọ́.

Bọ̀dá Rẹ́kọ́ọ̀dù:
Háà. Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ má yí nǹkan kan padà. Macerated túmọ̀ sí pé ọmọ ti kú sínú tipẹ́ kí ìyá tó dé ọ̀dọ̀ yín. Fresh ló ń sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lásìkò ìrọbí, òun náà ni wọ́n fi ń mọ sẹ́ńtà tó yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ lọ. Tí wọ́n bá yí i, ẹ̀kọ́ yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ yín láéláé. Fọ́ọ̀mù ló yẹ kí wọ́n tún ṣe: ìlà kan ni kí wọ́n fà sórí ohun tí wọ́n kọ, kí wọ́n kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n má fi Tipp-Ex pa á. Ìgbìmọ̀ MPDSR tó ń yẹ ikú ìyá àti ọmọ wò, wọn ò dá a sílẹ̀ láti fi jẹ ẹnikẹ́ni níyà.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Lórí ìwé nìyẹn, bọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ òótọ́ bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ síbi tí mọ́tò kì í dé. Àǹtí, ẹ ya ojú ewé rẹ́jísítà yẹn pamọ́.

Bọ̀dá Rẹ́kọ́ọ̀dù:
Tẹ́ ẹ bá yà á, ẹ bo orúkọ ìyá náà o.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ gbọ́ mi. Tí ọmọ bá jáde, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíákíá, ẹ fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn. Tí kò bá mí, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹ ti gbọ́dọ̀ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ fún un. Orí ẹ̀ á wà ní títọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn jù. Kí maskì bo ẹnu àti imú, kó má bo ojú. Àyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, tí kò bá gbé sókè, afẹ́fẹ́ ò wọlé nìyẹn, ẹ tún maskì àti orí ẹ̀ tò. Ẹ máa tẹ báàgì bí ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan. Helping Babies Breathe lorúkọ ẹ̀kọ́ náà, ẹ béèrè fún un pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ nínú lẹ́tà. Kíkà nìkan ò tó o, ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọlangidi tá a fi ń kọ́ ọ wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Ìjerò:
Ẹ ṣeun, mọ̀mi. Lẹ́tà yẹn, màá kọ ọ́. Ti ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná, ilé kan náà là ń gbé. Maskì tó wà lára báàgì tiwa, nọ́ńbà 1 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Adó:
Ó dáa fún ọmọ tó pé oṣù. Nọ́ńbà 0 ni ti àwọn tó kéré. Ẹ yọ ọ̀rá yẹn kúrò lára ẹ̀ lónìí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu maskì, kẹ́ ẹ tẹ báàgì, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ wá inbox, ká mú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá.

Màmá Ọ̀tùn:
Èmi náà ń bọ̀ o, ẹ fi mí sí i.