Ìrírí wa láàárín àwọn Kòríà ilẹ̀ Jámánì: ìyá tó wà ní yàrá kejìlá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. A ti sọ̀rọ̀ òyìnbó tó ni Jámánì tán, a ti sọ ti àwọn Tọ́kì, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó sọ ti àwọn ará Kòríà tó ń bá wa gbé ìlú yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde, kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ bá mi kún un.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́ l'Ábẹ́òkúta. Ọdún méje ni mo fi ṣe é nílé kí ọ̀nà tó là. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan nítòsí Bochum ló kọ́kọ́ gbà mí, nígbà tí àwọn ìjọba ṣì ń yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò. Ẹ mọ bó ṣe rí nílé: bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń fún un lóúnjẹ. Tiwa ni abẹ́rẹ́, oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwé kíkọ. Níbí, èmi tí mo ti gbẹ̀bí lóru tí kò síná, tó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń ríran, ìdí nínù àti bẹ́ẹ̀dì títẹ́ ni wọ́n gbé fún mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, mo jókòó ti agbọ̀n, mo sunkún.

Ìyá kan ló ṣílẹ̀kùn. Kò ga tó èjìká mi, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó wò mí títí, ó wá fi èdè Jámánì tó já geere sọ pé, "Ṣé torí ìwẹ̀ tí o ń wẹ̀ fún wọn ni? Irú yàrá báyìí lèmi náà ti sunkún tèmi."

Yàrá kejìlá ni Màmá ń gbé. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń yà sọ́dọ̀ wọn bí iṣẹ́ bá parí. Ọdún 1970 ni wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Seoul, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, nọ́ọ̀sì tó ti gbàwé ẹ̀rí. Ní Kòríà náà, ẹbí ló ń wẹ aláìsàn. Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn tó gbà wọ́n, garawa àti àkísà ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò gbọ́ èdè, wọn ò lè sọ pé àwọn mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Jámánì ń pè wọ́n ní áńgẹ́lì nítorí wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá. Wọ́n ní áńgẹ́lì kì í gbowó oṣù, ẹ̀yìn kì í sì í dun áńgẹ́lì.

Kì í ṣe àwọn nìkan ló wá. Láàárín 1966 sí 1976, nọ́ọ̀sì àti olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó lé ní 10,000 ló ti Gúúsù Kòríà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Àwọn ọkùnrin ti ṣáájú wọn dé: láti ìparí 1963 títí di 1977, nǹkan bí 8,000 ni wọ́n kó wá wa èédú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní agbègbè Ruhr tí mo wà yìí. Ogun Kòríà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ní 1953 ni, iṣẹ́ ò sí, ebi ń pa ìlú. Jámánì ní iṣẹ́, kò rí ẹni ṣe é. Àdéhùn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń bá wọn ṣe, ẹni tó bá ti lo tirẹ̀ tán, kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Màmá fi owó oṣù yẹn rán àbúrò mẹ́ta níléèwé. Nígbà tí wọ́n sọ èyí, mo rẹ́rìn-ín, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ìdánwò àbúrò tèmi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi kan, ọmọ wọn obìnrin wá fi mọ́tò gbé wa lọ ilé rẹ̀, a fẹ́ lọ ṣe kimchi, kábéèjì aláta tí àwọn Kòríà máa ń jẹ́ kó kan. Màmá jókòó, wọ́n ń pàṣẹ. Kábéèjì tó gùn gbọọrọ yẹn ni wọ́n là sí méjì, wọ́n ń ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láì já a nídìí, wọ́n ń wọ́n iyọ̀ sí àárín rẹ̀, níbi tí ewé ti nípọn jù. Nígbà tó rọ̀, a fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó ro. A wá po ata gbígbẹ, áyù, atalẹ̀, àlùbọ́sà eléwé àti omi ẹja oníyọ̀ pọ̀. Màmá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n ń fi pa ewé láti ìsàlẹ̀ dé orí, bí ìgbà téèyàn ń fi ìpara pa ọmọ lára. Wọ́n ká ewé kan, wọ́n fi í sí mi lẹ́nu. Ata náà ta dé etí mi.

Wọ́n ní nígbà táwọn kọ́kọ́ dé, kò sí kábéèjì yẹn lọ́jà. Èyí tó rí roboto ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ata Yúróòpù tó pupa lásán tí kì í ta. Wọ́n á gbé ìgò rẹ̀ síta lójú fèrèsé nígbà òtútù, torí àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé ń pariwo òórùn. Mo ní, "Màmá, ẹ ò tíì gbóòórùn irú." Mo sọ fún wọn bí mo ṣe fi náílọ́ọ̀nù mẹ́ta we irú mi, tí mo tì í sísàlẹ̀ fíríìsà, tí onílé ṣì ń bi mí pé kí ló kú. Wọ́n ní kí n mú un wá. Nígbà tí mo mú un wá, wọ́n gbé e símú, wọ́n pariwo: "Cheonggukjang!" Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Wọ́n á sè é, wọ́n á bò ó síbi tó móoru fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí yóò fi máa fà. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe igbá nílé náà nìyẹn! Ojú Màmá kún fómi, tèmi náà kún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ èyí gan-an ni ti 1977. Iṣẹ́ ti ń wọ́n ní Jámánì, àwọn ilé ìwòsàn kan ò fẹ́ tún àdéhùn àwọn nọ́ọ̀sì Kòríà ṣe mọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn tó ti lo ọdún méje, mẹ́jọ, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀! Àwọn áńgẹ́lì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gba ìbuwọ́lù. Àwọn ẹbí aláìsàn tí wọ́n ti wẹ̀ rí wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Màmá ní ohun tí àwọn ń sọ ni pé, "A kì í ṣe ọjà. Ẹ̀yin lẹ ní ká wá, ìgbà tó bá wù wá la ó padà." Ní 1978, ìjọba gbà: ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún yóò gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, ẹni tó bá ti pé mẹ́jọ yóò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ibẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe sọ èyí tán, wọ́n ní kí n lọ mú ìwé àdéhùn tèmi wá. Ojú tì mí, torí n kò kà á tán rí. A jọ kà á, Màmá ń fi ìka tọ ìlà. Ní ojú ewé kẹfà la ti bá a: bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó pé, gbogbo owó tí wọ́n ná láti mú mi wá, èmi ni n ó san án padà. Màmá ní kí n má sunkún, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo gbé e lọ. Wọ́n bá mi kọ lẹ́tà méjì, wọ́n sì yọ gbólóhùn náà kúrò. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ka ìwé yín dé ìlà ìkẹyìn kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

---

Ẹ ṣeun, àǹtí wa. Ọ̀dọ̀ tèmi ní Duisburg, Bàbá Kòríà kan ni aládùúgbò mi, òkè ilé kejì. Bá a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, kì í kí mi bí àwọn yòókù ṣe ń kíni. "Glück auf!" ló máa ń wí, ìkíni àwọn awakùsà. Mo rò pé ó ń ṣeré ni, àfìgbà tó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Àpá aláwọ̀ aró kún apá rẹ̀. Tí òkúta bá ti ha èèyàn nísàlẹ̀ yẹn, lẹ́búlẹ́bú èédú á wọnú egbò, egbò á jinná bò ó, kò sì ní kúrò láéláé.

Bàbá ti ka ìwé yunifásítì nílé. Kò wa kùsà rí láyé rẹ̀. Ó ní àwọn kan lára wọn lọ ń fi èédú ra ọwọ́ kí wọ́n tó lọ fún àyẹ̀wò, kí ọwọ́ wọn lè jọ ti lébìrà. Ó tó 1,000 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ooru ibẹ̀ kọjá sísọ, wọ́n sì ń ru irin tí wọ́n fi ń gbé òrùlé kòtò dúró, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó èèyàn. Ní December 1964, Ààrẹ Gúúsù Kòríà, Park Chung-hee, wá bẹ̀ wọ́n wò ní Hamborn, ní Duisburg níbí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè, wọn ò lè parí rẹ̀ nítorí ẹkún. Bàbá ò tíì dé nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Àdéhùn awakùsà pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kó máa lọ. Nọ́ọ̀sì Kòríà kan tó ti ń fẹ́ ló gbé níyàwó, ìwé ìyàwó ló sì mú un dúró. Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kọjá lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní December 2018, nígbà tí wọ́n ti kòtò èédú tó kẹ́yìn ní Bottrop, ó ní kí n wá bá òun wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé èédú ìkẹyìn fún Steinmeier, Ààrẹ Jámánì. Bàbá dìde dúró nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ṣí fìlà. Èmi náà dìde.

---

Ọ̀dọ̀ tèmi ní Hamburg, ṣọ́ọ̀ṣì àwa àti ti àwọn Kòríà la jọ ń lo ilé kan tó jẹ́ ti àwọn Jámánì. Wọ́n ń parí ní aago méjì, tiwa ń bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́ta. Kí n sọ òtítọ́, ìjà la kọ́kọ́ jà. Ìlù wa ń dí wọn lọ́wọ́ àdúrà, òórùn ilé ìdáná wọn ò tíì lọ kí tiwa tó dé. Lẹ́tà ni a ń kọ síra wa nípasẹ̀ pásítọ̀ Jámánì, bí ẹni tí kò mọra rí.

Ìyá ìjọ wa ló tún un ṣe. Àsìkò ìkórè wa bọ́ sítòsí Chuseok wọn, ìyẹn ọdún ìkórè tiwọn náà. Ìyá ìjọ gbé àwo mọ́ínmọ́ín kan, wọ́n wọlé lọ bá wọn, wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá Kòríà náà dìde, ó tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. A ti ń jọ jẹun lọ́dọọdún láti ìgbà náà.

Ọmọbìnrin tó ń darí akọrin wọn, Hamburg ni wọ́n bí i sí. Ó sọ fún mi pé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bi òun ibi tóun ti wá, tóun bá sì dáhùn pé Hamburg, wọ́n á ní, "Rárá, ibi tí o ti wá gan-an." Ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n máa ń bi èmi náà bẹ́ẹ̀." Kò sọ fún mi rí.

---

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni mo tún dé. Ẹ ṣé, ẹ̀yin méjèèjì. Wọ́n ń béèrè pé Màmá ń kọ́?

Wọ́n wà láyé. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, arán ti ń ṣe wọ́n, èdè Jámánì ti ń lọ, ti Kòríà nìkan ló kù. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pariwo sí wọn, wọ́n rò pé etí ni. Mo kọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wọn: bí wọ́n ṣe ń béèrè pé ṣé ó ń dunni, ṣé èèyàn ti jẹun. Mo kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kejìlá kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ òru ni mo ṣe. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, mo rí Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń lọ láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn tó sùn. Mo lọ bá wọn láti mú wọn padà. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n fi ìka mẹ́ta lé e, wọ́n gbójú sókè sí aago ara ògiri, wọ́n ń kà: hana, dul, set. Mo dúró gbọn-in títí wọ́n fi kà á tán.