Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àwo Picasso tí mo bèèrè nípa rẹ̀

Ẹ kú àdúrótì o. Àwo amọ̀ Picasso (ayàwòrán ọmọ Sípéènì nì) tí ẹnì kan fẹ́ tà fún mi ní Bódìjà, tí mo ní kí ẹ bá mi wò bóyá ojúlówó ni: mi ò rà á mọ́.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n gba fọ́tò ẹ̀yìn àwo náà. “Picasso” nìkan ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ síbẹ̀. Kò sí òǹtẹ̀ Madoura, kò sí “Edition Picasso” (ìyẹn “ẹ̀dà Picasso”). Madoura, ilé ìmọ̀kòkò Suzanne àti Georges Ramié ní Vallauris, ní Faransé, ló ṣe àwọn ẹ̀dà iṣẹ́ amọ̀ Picasso láti 1947 sí 1971. Oríṣi 633 ló wà nínú ìwé àkójọ tí Alain Ramié ṣe. Àwọn kan ní ẹ̀dà 25 péré, àwọn mìíràn tó 500. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ lásán kò tó láti fi mọ ojúlówó! Ta ni kò lè kọ orúkọ?

Mo bèèrè rìsíìtì àti ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ní kí n kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ ná. Háà.

Inú ìyàwó mi dùn, torí kò fẹ́ àwo olówó ńlá tí a ò ní fi jẹun. Ìkòkò Ìlọrin méjì la rà sí pálọ̀. Ẹni tó bá ṣì ń wá ti Picasso, kó fi ẹ̀yìn àwo wé ìwé Ramié kó tó sanwó. Ẹ ṣé gan-an, mo ti parí tèmi.