Ọkọ̀ tó ń wúkọ́ lójú ọ̀nà, tí ara rẹ̀ ń yá tó bá rí mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí àwọn yòókù náà tó sọ tiwọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ọkọ̀ yìí jìjàkadì. Láàárọ̀, tí mo bá sítáàtì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa dún bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí ni. Ó di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lórí ìrìn, tí mo bá ń gun òkè tàbí tí mo fẹ́ kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú, á fà sẹ́yìn, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á sì tún máa bá tirẹ̀ lọ. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má ṣe nǹkan kan.

Tí mo bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ara rẹ̀ á ti yá. Ọ̀gá á sítáàtì, á tẹ tọ́tù, á dẹ etí sí i, á wá wò mí lójú: "Bọ̀dá, kí lẹ ní ó ń ṣe ọkọ̀ yìí?" Ojú á tì mí bí ẹni gbé ọmọ lọ sí ọsibítù tí ara gbígbóná lọ lẹ́nu géètì.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ni. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dáa fún ọ̀sẹ̀ kan, mo tilẹ̀ ti ń júwe ọ̀gá náà fún àwọn ará àdúgbò. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó wúkọ́. Ẹnì kejì ní fílítà epo ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Ẹnì kẹta ní epo burúkú ni mo ń rà. Kò sí èyí tó bi mí pé ìgbà wo gan-an ló máa ń ṣe é nínú wọn, èmi náà ò sì rò ó láti sọ.

Ìgbà tó sú mi ni mo ju ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti wúkọ́, màá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí n kọ ọ́: ó ti tó ìṣẹ́jú mélòó tí mo ti ń wà á, ṣé òkè ni àbí ilẹ̀ tó tẹ́jú, epo mélòó ló wà nínú táńkì, ṣé òjò ń rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìwé yẹn sọ ohun tí àwọn ọ̀gá mẹ́ta ò sọ fún mi: kì í ṣe é rárá tí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì gbóná, kì í sì í ṣe é àyàfi tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Òjò àti epo ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, iná ẹ́ńjìnnì tó wà ní dáṣíbọọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀, rárá o. Èyí tó kàn tàn kalẹ̀ lè dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá délé. Èyí tó ń ṣẹ́jú túmọ̀ sí pé epo tí kò jóná ń wọ inú páìpù èéfín, ó sì lè sun kátálítíìkì tó wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́, ẹ sì mọ bí nǹkan yẹn ṣe wọ́n tó. Mo yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo rọra yà sí ẹ̀gbẹ́.

Mo ki ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí ọkọ̀ fi ń sọ àìsàn rẹ̀, sí ojú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. P0302 ló gbé jáde: silíńdà kejì, ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tí epo ti ń jóná, ni epo ò ti jóná dáadáa. (Ká ní P0300 ni, ìyẹn ni pé kò mọ èyí tó jẹ́ gan-an, iṣẹ́ ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.) Mi ò ra nǹkan kan. Mo yọ kọ́ìlì orí silíńdà kejì, ìyẹn ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, mo gbé e sórí ìkẹrin, mo gbé ti ìkẹrin sórí ìkejì, mo pa kóòdù rẹ́, mo bá lọ gun òkè. Ọjọ́ kẹta ló tó wúkọ́. Mo kà á: P0304. Kọ́ìlì yẹn ti gbé àìsàn rẹ̀ lọ sílé tuntun!

Ooru ló ń bá a fínra. Tó bá tutù, wáyà wínníwínní inú rẹ̀ ṣì ń gbé iná. Tó bá gbóná, iná á máa jò gba ibi tó ti sán. Tá a bá sì ń gun òkè, afẹ́fẹ́ tó ki nínú silíńdà ń fẹ́ iná tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó lè fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Ìdí nìyẹn tí púlọ́ọ̀gì tuntun fi tàn mí: àlàfo ẹnu rẹ̀ kéré, iná tí kò tó nǹkan náà ṣì tó o fúngbà díẹ̀.

* * *

Ọkọ̀ tèmi náà ń wúkọ́, àmọ́ tèmi ò ní gbóná-tutù nínú. Tí epo bá ti lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì lọ, tí mo bá tún wá sáré, ó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgbà mẹkáníìkì kan so aago tó ń wọn agbára epo mọ́ ọn, ó fi téèpù lẹ aago náà mọ́ gíláàsì iwájú níta, ó ní ká jọ lọ. Bó ṣe wúkọ́ báyìí ni ọwọ́ aago já wálẹ̀. Pọ́ǹpù inú táńkì ti ń kú. Epo tó yí i ká ló ń tù ú lára, èmi sì fẹ́ràn kí n máa wa ọkọ̀ dìgbà tí iná epo bá tàn.

* * *

Èmi ra ọ́ọ̀sì afẹ́fẹ́, ìyẹn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, lẹ́ẹ̀mejì. Kóòdù P0171 ló ń gbé wá, ó ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé. Tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ ò ní rí ibi tó ya. Ìgbà tí mo bá ṣí kúrò lójú kan ni ẹ́ńjìnnì á mì, á fa ọ́ọ̀sì, ibi tó ya á lanu. Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ rẹ̀, tuntun náà ya síbì kan náà. Síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ló ti já, òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mì.

* * *

Ẹ gbà mí. Tèmi ò tíì yanjú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, tó ní wáyà púlọ́ọ̀gì gígùn gígùn. Ọjọ́ òjò nìkan ló ń wúkọ́. Wọ́n ti ní kí n yọ táńkì fọ̀.

* * *

Ẹ má tíì yọ táńkì o. Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì níta gbangba, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fi ìgò tó ń fọ́n omi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ rẹ àwọn wáyà yẹn lára díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, iná ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ kàn máa wò ó.

* * *

Mo ti ṣe é lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n. Wáyà kẹta ni. Iná búlúù ń fò lára rẹ̀ sí irin ẹ́ńjìnnì, bó ṣe ń fò ni ọkọ̀ ń wúkọ́.